Ta Ló Ni Àga Pupa?

Bísọ́dún ń bọ̀ láti iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó di ọwọ́ màmá rẹ̀ mú. Ọjà Ọba kún fọ́fọ́.

Fáà! Fáà! Kẹ̀kẹ́ ń ké. "Ẹ yà o! Ẹ yà!" Aláàárù ń kọjá.

Láàárín èrò, ojú Bísọ́dún ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọkùnrin kan. 

Aṣọ iléèwé wọn bára mu. Ṣùgbọ́n ìdí ṣòkòtò ọmọ náà mọ́ tónítóní. Ìdí gáùn Bísọ́dún kún fún eruku.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Kìtán."

"Kìtán, ṣé o kì í jókòó sílẹ̀ níléèwé yín ni?"

Kìtán bú sẹ́rìn-ín. "Sílẹ̀ kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni mí? Àga pupa ni mo ń jókòó lé!"

Bísọ́dún wo màmá rẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló ni iléèwé Kìtán?"

"Ìjọba ni."

"Ta ló ni tiwa?"

"Ìjọba náà ni."

"Kí ló dé tí wọ́n fún wọn ní àga, tí wọn ò fún wa?"

Màmá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n kọrí sílé.

Inú bí Bísọ́dún. Inú bí i gan-an ni!

Bó ṣe délé, ó mú pẹ́ńsù àti bébà. Ó ya ogójì ọmọ tó jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ogójì ọmọ, ogójì ojú ìbínú!

"Mọ́mì, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀: Àwa náà fẹ́ àga."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Agnes, tíṣà wọn, rí lẹ́tà náà. "Fi í sápò kíá! Àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́."

Gbìrìgbìrì! Ọkọ̀ kan dé. Kí ló kó wá? Àga pupa! Ogójì àga pupa!

"Ẹ rọra jókòó o," ni Àǹtí Agnes wí. "A yá wọn níléèwé kejì ni. Bí àlejò bá ti lọ, a ó dá wọn padà."

"Yéè! Kìtán ló jókòó sílẹ̀ lónìí nìyẹn!" Bísọ́dún dìde. Kò jókòó mọ́.

Àlejò wọlé. Ìyáàfin Adébùsóyè ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà!"

"Ẹ̀yin ọmọ mi, àga yín mà dára o!"

"Kì í ṣe tiwa, mà!" ni Bísọ́dún ké.

"Ẹ̀hẹ̀ẹ̀m!" Àǹtí Agnes wúkọ́.

Bísọ́dún ò dákẹ́. "A yá wọn ni! Tí ẹ bá lọ, àga náà á lọ. Àwa á tún padà sílẹ̀. Kò dáa! Kò dáa rárá!"



Ìyáàfin Adébùsóyè yíjú sí tíṣà. "Àǹtí Agnes, àga tuntun kún stóò wa láti ọdún tó kọjá. Kí ló dé tí ẹ ò wá kó o?"

"À ń retí kí ẹ kó o wá ni, mà."

"Àwa náà ń retí lẹ́tà yín! Onístóò wa kì í ṣílẹ̀kùn láìrí lẹ́tà."

"Háà!" Àǹtí Agnes dọwọ́ bo ẹnu. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, mà."

"Bí mo bá rí lẹ́tà kan péré báyìí, àga yín á dé kí ẹ tó jẹun ọ̀sán."

Bísọ́dún ti ọwọ́ bọ àpò.

"Mo ti kọ ọ́, mà!"

Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní lẹ́tà náà.