Ohun Tí Wọ́n Pè Ní Wárápá

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Moubarak kọ́kọ́ wọ ilé ìtajà oògùn tí Salwa ti ń ṣiṣẹ́ ní Dowa, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́. Ó gbọn omi nù lára, ó kí gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀, ó sún mọ́ Salwa, ó sì rọra ní kó fún òun ní tíràmádọ̀, oògùn apàrora, èyí tó le jù nínú rẹ̀.

Salwa béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, pé ọkọ̀ akẹ́rù lòun ń wà láti Kraké lẹ́nu ibodè wá sí Àjàṣẹ́, bí òun bá sì ti jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìdájí, kó tó di ọ̀sán ẹ̀yìn òun á ti gan bí igi.

“Ẹ lọ rí dókítà,” ni Salwa wí. “Mi ò lè tà á fún yín. Oògùn yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù sẹ́nu bí ẹ̀pà.”

Ohun tó ya Salwa lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà ò bínú. Èébú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá béèrè oògùn yẹn fi máa ń dágbére. Èyí rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ fún òun pé rárá láìbá òun jà. Ó bọ́ síta, ó dúró lábẹ́ páànù títí òjò fi dá.

Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá ra oògùn ìpara fún ẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ kẹta, òwú àti báńdéèjì ló rà. Salwa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi í pé ojú egbò dà.

“Kò tíì sí,” ni Moubarak wí. “Mo ń múra sílẹ̀ dè é ni.”

Ẹ̀rín gba Salwa lẹ́nu kó tó lè mú un dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ àdúgbò Djègan-Kpèvi ni Moubarak, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Aïssatou, ń ta ọṣẹ níwájú ilé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Barakatou, sì ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Barakatou ti ní àfẹ́sọ́nà, àwọn ará ilé ọkùnrin náà ti wá tọrọ rẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó ò sì jìnnà mọ́.

Ohun tí Salwa fẹ́ràn jù lára Moubarak ni pé ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí Salwa bá sọ nǹkan fún un lónìí, tó bá di oṣù méjì, á ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí iṣẹ́ kò bá sí, wọ́n á jọ rìn lọ sétí ọ̀sà, Moubarak á máa pè é ní “Oyin mi”, Salwa á ní kó rọra pè é kí àwọn apẹja má baà gbọ́.

Ó bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ti jáwọ́ nínú oògùn yẹn. Ó ní òun ti jáwọ́. Salwa gbà á gbọ́, nítorí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ ojú rẹ̀ ń rí i. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ tútù, Moubarak á máa làágùn. Á máa họra. Lọ́jọ́ kan á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní dákẹ́ mọ́, lọ́jọ́ kejì á máa tòògbé lórí oúnjẹ. Salwa tó ń ta oògùn, tó mọ ohun tí àwọn àmì wọ̀nyí ń jẹ́, ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n wá tọrọ Salwa. Bàbá rẹ̀, Alaaji Abibou, aránṣọ ńlá tí gbogbo Dowa mọ̀, jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Adjaratou, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní tuntun. Mounirou, àbúrò bàbá Moubarak, ló ń ṣe agbẹnusọ. Ó ti kí, ó ti ṣàdúrà, ó ń sọ pé òdòdó kan làwọn rí nínú ọgbà Alaaji tí àwọn wá tọrọ, ni Moubarak tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá dédé gan. Ojú rẹ̀ yí. Ó ṣubú sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo ilé sá sẹ́yìn. Èyí àgbà nínú àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀, pé àrùn náà máa ń ràn. Salwa nìkan ló sún mọ́ ọn. Ó gbé tábìlì kúrò níbẹ̀, ó tú ìborí rẹ̀, ó fi tì í lábẹ́ orí, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ má baà há a lọ́fun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Alaaji ti sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n òun ò ní mú ọmọ òun lọ sí ilé tí wárápá wà. Ìyá Salwa sunkún títí, ó ní Ọlọ́run ló fi hàn wọ́n kó tó pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ náà sáré ju zémì, alùpùpù akérò, lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, Barakatou wá sí ilé ìtajà oògùn, ó dúró títí àwọn oníbàárà fi lọ tán. Ó sọ fún Salwa pé àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà òun ti rán àgbà wọn kan wá. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé wárápá wọ ìdílé àwọn. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bóyá lóòótọ́ ni wárápá lè fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, nítorí pé láti kékeré òun ò rí ẹ̀gbọ́n òun kó ṣubú rí.

Salwa dì í mọ́ra. Nígbà tó lọ tán, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba Djègan-Kpèvi lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá Moubarak ló ti bá a, ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ ti wọnú.

“Mélòó lo lò lọ́jọ́ yẹn?” ni Salwa bi í.

“Márùn-ún. Àyà mi ń já. Mo fẹ́ kí ara mi balẹ̀ níwájú bàbá rẹ.”

“Kì í ṣe wárápá nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀?”

“Wárápá kì í ṣe ẹ̀bi èèyàn, Salwa. Wọ́n ń sá fún mi, àmọ́ wọ́n ń ṣàánú mi. Bí wọ́n bá mọ òótọ́, ta ló máa ṣàánú mi?”

Salwa wá sọ ohun tó bá Barakatou fún un. Kò tíì gbọ́. Wọ́n ti fi pa mọ́ fún un nítorí ara rẹ̀ tí kò yá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìgbà tó jàjà sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde. Faïzou tó ni ọkọ̀ tó ń wà ló kọ́kọ́ fún un ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè wa ọkọ̀ lọ kó wa bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ láì mọ̀ pé ó rẹ òun. Nígbà tó di pé kò lè jí láì lò ó mọ́, Faïzou bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí oògùn náà sábẹ́ àpò àlùbọ́sà láti Kraké. Moubarak mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì ló fi gbé e. Djègan-Kpèvi yìí gan-an ni ibi tó ń já a sí.

Salwa jókòó sílẹ̀. Inú bí i, ojú tì í, àánú rẹ̀ sì ṣe é, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé rárá látọdún mẹ́ta, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ló sì ń gbé e kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

“Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Bí èmi bá sọ ọ́, àṣírí rẹ ni mo tú. Bí ìwọ bá sọ ọ́, òótọ́ lo sọ. Ìwọ ni wàá sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Moubarak àti Mounirou wá sí ilé Alaaji. Moubarak ti bẹ̀ pé kí wọ́n pe àgbà tí àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà Barakatou rán níjelòó. Moubarak dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, kò sì dìde. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀: oògùn márùn-ún ọjọ́ ìtọrọ, irọ́ tó pa fún Salwa, àti páálí abẹ́ àlùbọ́sà. Ó ní kò sí wárápá nínú ìdílé àwọn, pé ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun fà ni.

Alaaji wá béèrè ohun kan.

“Àwọn wo ló ń ra ohun tó wà nínú páálí yẹn?”

“Àwọn ọ̀dọ́ ni, Bàbá. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, àwọn tó ń gun zémì, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá. Mo mọ ìyá àwọn mìíràn nínú wọn.”

Àgbà tó ṣojú fún ilé àfẹ́sọ́nà Barakatou mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà ò jẹ̀bi nǹkan kan, òun á lọ sọ fún àwọn tó rán òun. Ó dìde, ó sì lọ.

“O ti kó àbúrò rẹ yọ,” ni Alaaji wí. “Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á lánàá ṣì ń rà á lónìí. Ní ti Salwa, mi ò ní ọmọ tí mo lè fún ọ.”

“Mo mọ̀, Bàbá,” ni Moubarak wí. “Mi ò wá tọrọ rẹ̀ lónìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni mo ń lọ láti ibí.”

Ó sì lọ, òun àti Mounirou. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti mú Faïzou pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Wọ́n mú Moubarak náà. Ilé ẹjọ́ ro ti pé òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, síbẹ̀ wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún kan ààbọ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ le. Ara rẹ̀ ń béèrè ohun tó ti mọ́ ọn lára; ó ń bì, kò lè sùn, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń bá a dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Salwa ń lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lọ́jọ́ kan, Moubarak ní kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn, kó má jókòó dè òun.

“Mi ò ṣèlérí fún ọ,” ni Salwa dá a lóhùn. “Mò ń wá wò ọ́ ni. Ọjọ́ tí mi ò bá fẹ́ wá mọ́, wàá rí i.”

Nílé, ìyá Salwa mú olùkọ́ kan wá pé kó fẹ́, ọmọlúwàbí ni, kò sí ohun tí èèyàn lè kọ̀ lára rẹ̀. Salwa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́. Ìyá bínú sí i fún oṣù kan gbáko. Alaaji ní tirẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, títí ó fi di ọjọ́ kan tó kàn dìde, tó mú fìlà rẹ̀, tó sì tẹ̀ lé e.

Òun nìkan ló wọlé lọ bá Moubarak. Ohun tí wọ́n sọ, kò sọ ọ́ fún Salwa. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà ló béèrè pé, “Ṣé bó ṣe máa ń ronú kó tó dáhùn nìyẹn tẹ́lẹ̀?”

“Rárá, Bàbá. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tètè dáhùn ni.”

“Èyí dára jù,” ni Alaaji wí.

Nígbà tí ọdún kan ààbọ̀ náà pé, Moubarak jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Dowa, ó ń tún ọkọ̀ ṣe, kò wà á mọ́. Alaaji ní bó bá lè pé ọdún kan láì fọwọ́ kan oògùn náà, tó ń lọ fi ara rẹ̀ han dókítà lóṣooṣù, kó wá jókòó níwájú òun.

Ní oṣù keje tó jáde, ó yẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọkàn rẹ̀ pòrúurùu, ó pàdé ẹni àtijọ́ kan lọ́nà, ó sì gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti dúró níwájú ilé ìtajà oògùn, ó ń dúró de Salwa.

“Mo lò ó lánàá,” ló wí. “Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ.”

Salwa sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹkún yẹn ló ti mọ̀ pé òun á fẹ́ ẹ. Alaaji náà gbọ́. Ó ní kí ọdún náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láti ọjọ́ yẹn. Moubarak ò bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ọdún náà sì pé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so yìgì wọn, láì pe èrò púpọ̀. Barakatou wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àfẹ́sọ́nà ìjọ́sí náà, àti oyún inú rẹ̀. Aáfáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Alaaji ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Níwájú gbogbo wọn, ó sọ ohun tí Moubarak ṣe, èyí tó burú àti èyí tó dára, kò fi ìkankan pa mọ́. Ó ní òun sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó máa sọ ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn òní, àti pé òun mọ̀ ọ́n kí òun tó fún un ní ọmọ òun.

Yàrá àwọn obìnrin ni Salwa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Aáfáà rán ẹni méjì wá sẹ́nu ọ̀nà láti béèrè lọ́wọ́ ìyàwó bóyá ó gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kì í fọhùn lásìkò yìí. Wọ́n á kàn tẹ orí ba ni. Salwa gbé orí sókè, ó sì sọ ọ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin níta.

“Mo gbà. Mo mọ ẹni tí mò ń fẹ́.”