Orin Dákẹ́ Lókè Ọ̀pẹ

Bí Lazhar bá ti ń kọrin lókè ọ̀pẹ dàbínù, ọkàn Mabrouka, ìyàwó rẹ̀, a balẹ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú Degache nìyẹn: ẹni tó gun ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ máa kọrin, káwọn tó wà nílẹ̀ lè mọ̀ pé kò sí ewu. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, orin náà dákẹ́.

Mabrouka gbójú sókè. Yéè! Ọkọ rẹ̀ ti gbórí lé imọ̀ ọ̀pẹ. Òdòdó akọ tó fẹ́ gbọ̀n sára òdòdó abo kí ọ̀pẹ lè so ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tòògbé, kò sì sókùn tó so ó mọ́gi!

Mabrouka ti lanu láti pariwo, ló bá yáa fọwọ́ bò ó. Bí ọkọ rẹ̀ bá ta gìrì, tó sì já bọ́ ńkọ́? Ó rọra gbé orin náà níbi tó já sí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Lazhar rọra lajú. "Hẹ̀n? Mabrouka, ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá Wafa. Di igi mú. Máa sọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o sì máa dá mi lóhùn."

Nígbà tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, Mabrouka kọ́kọ́ dì mọ́ ọn, ẹ̀yìn náà ló wá ń bú u. "Ṣé o fẹ́ sọ mí dopó ni? Kí lo lò?"

"Oògùn ara yíyún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Àtàárọ̀ ni mo ti ń sín, ojú ń yún mi."

"Èyí tí dókítà fún ẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, mi ò tiẹ̀ yán. Ṣé oògùn nìyẹn náà?"

Mabrouka ò bá a jiyàn. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kan alùpùpù rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ilé ìwòsàn àdúgbò.

Dókítà Raoudha gbọ́ tán, ó mirí. "Ṣé oorun lẹ ń wá ni, bàbá, àbí ìwòsàn? Oorun tí oògùn yẹn ń fà kọ́ ni agbára rẹ̀. Lọ́jọ́sí, àgbẹ̀ lẹ pe ara yín. Ẹ ò sọ pé orí igi lẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Ta ni ò mọ̀ mí ní Degache?"

"Èmi tí mo ti ìlú Sfax wá ni!"

Lazhar rẹ́rìn-ín, ojú tì í.

"Lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ yẹn lara yín ń kọ̀," dókítà ní. "Èyí tí mo fún yín kì í sábà mú èèyàn tòògbé. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lọ́jọ́ tẹ́ ò ní gungi. Kẹ́ ẹ wá máa lò ó lójoojúmọ́ títí iṣẹ́ òdòdó á fi parí. Bí imú bá ṣì dí, ẹ padà wá, oògùn tí wọ́n ń fín símú wà."

Ẹ̀yin èèyàn wa, oògùn tó bá ẹ̀gbọ́n yín mu lè má bá yín mu. Bẹ́ ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ iṣẹ́ yín: ṣé ọkọ̀ lẹ ń wà ni, àbí igi lẹ ń gùn? Ẹ sọ àìsàn tẹ́ ẹ ní, oògùn mìíràn tẹ́ ẹ ń lò, àti oyún tó bá wà. Bí ètè tàbí ojú bá ń wú, tí èémí ò já geere, ẹ má dúró gboògùn, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré lọ.

Lazhar rẹ́ni bá a gbórin. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní Mabrouka nísàlẹ̀ igi.