Omi Ọjọ́ Àlejò

Ọkùnrin kan wà tí kò lè ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé ara rẹ̀. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá o, kò sì sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà báyìí, yóò gbọ́ obìnrin kan tó wúkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó wà lórí ìlà, tó ń fi sùúrù rán ẹni iwájú létí pé òun náà wà níbẹ̀. Yóò bojú wẹ̀yìn. Kò ní sí ẹnì kankan.

Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kó lọ sinmi. Ó sinmi. Ikọ́ yẹn kò sinmi.

Bàbá Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, wọ́n sì fi ń yẹ́ ẹ sí ni. Òun ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wọn. Òun ló gbọ́ pé ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba òkè òkun kan máa ń fún àwọn àdúgbò ní owó ìrànwọ́ kékeré láti fi ṣe ohun tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní. Ó wọ bàtà tó ń dán, ó lọ bá wọn, ó sọ̀rọ̀ títí orí wọn fi wú. Wọ́n fọwọ́ sí kànga ẹ̀rọ kan, pẹ̀lú táǹkì ńlá lórí òpó irin. Wọ́n tún ní kó fi kọnkéré dí kànga àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, nítorí ẹnu rẹ̀ ti ń wó.

Àwọn agbẹ́kànga dé. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n kan àpáta, wọ́n ní ìsàlẹ̀ àpáta yẹn ni omi gidi wà. Bàbá Olómi ní kí wọ́n dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀. Tójò bá rọ̀, omi á wọ inú ẹ̀ fúnra ẹ̀." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, òrùlé ilé rẹ̀ ló fi parí. Sìmẹ́ńtì tó yẹ kí wọ́n fi dí kànga àtijọ́, iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́, ó sì ń dán gbinrin.

Àwọn àlejò láti ilé iṣẹ́ aṣojú yẹn ní ìṣe kan. Ìròyìn nìkan kì í tó wọn. Wọ́n á wá fúnra wọn, wọ́n á ṣí ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n á rí omi, wọ́n á ya fọ́tò. Bàbá Olómi mọ ìṣe yìí dáadáa. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, ó pe onítáńkà omi kan, ó ní kó rọ omi kún táǹkì bámúbámú. Ó sọ fún àwọn ará àdúgbò pé wọ́n ń fọ̀ ọ́ ni.

Àlejò dé, omi tú yàà. Àwọn obìnrin jó, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Ìyàwó télọ̀ kan ládùúgbò náà ló kọ́kọ́ pọnmi. Ó gbé korobá sórí, ó yíjú sí alága, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ láyé.

Omi yẹn gbẹ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bàbá Olómi ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé àwọn ń retí pátì tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Pátì wo? Kò sí pátì kankan lọ́nà. Àwọn èèyàn gbé korobá wọn, wọ́n padà sídìí kànga àtijọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹnu kànga náà ya lulẹ̀ mọ́ ìyàwó télọ̀ lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó rí okùn fà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Bàbá Olómi ra pósí. Ó dúró létí sàréè, ó sunkún, ẹkún òótọ́ sì ni. Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo èèyàn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ikọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ. Ó lo oògùn. Ó san owó fún ẹnì kan tó wá fi nǹkan kọ́ sókè ilẹ̀kùn fún un. Àwọn kan ní òkú ló ń dà á láàmú. Ọ̀rẹ́ mi, òkú ti lọ sinmi ní tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò jẹ́wọ́ ni kì í sùn.

Ìgbà tó yá, àwọn ará òkè òkun pè é lórí fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ wù wọ́n, wọ́n fẹ́ fún un ní òmíràn ṣe. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n ń bọ̀ wá wo omi ti àkọ́kọ́. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó pe onítáńkà. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ti ìjọ́sí yẹn náà ni, àbí? Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Télọ̀ gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ó lóun á rán aṣọ fún alága lọ́fẹ̀ẹ́. Alága kọ̀ títí, télọ̀ kò gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alága lọ wọ aṣọ náà wò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bo èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Télọ̀ kó píìnì sẹ́nu, ó ń fi wọ́n gún èjìká aṣọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rù o. Mo ní láti gba aṣọ yìí wọlé."

"Iṣẹ́ ni," ni Bàbá Olómi wí.

"Ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ. Láràárọ̀ ni mo ń dárúkọ yín fún Jésù. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi lọ, ẹ̀yin lẹ dúró tì mí. Àmọ́ oore nìkan ò tó o. Ẹni tó ń ṣoore náà nílò Olùgbàlà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹ ṣègbé."

Alága sì gbọ́ ikọ́ yẹn. Kò sí ẹ̀rọ omi nínú ṣọ́ọ̀bù náà rárá. Ikọ́ díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì tí wọ́n fi aṣọ bò.

Bàbá Olómi yíjú sí télọ̀. "Kò sí pátì kankan," ó wí. "Kànga yẹn ò lómi rí. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbẹ́ ẹ mọ́. Táńkà ló gbé omi ọjọ́ yẹn wá. Sìmẹ́ńtì tó yẹ ká fi dí kànga tó pa ìyàwó rẹ, ilé mi ló wà."

Télọ̀ yọ píìnì kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i. Ọ̀kadà ń kọjá lọ, wọ́n ń kọjá bọ̀. Bàbá Olómi kò lè bọ́ aṣọ náà, kò sì lè jókòó.

Nígbà tí télọ̀ padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Àbíkẹ́yìn wa ṣì ń bi mí ìgbà tí ìyá ẹ̀ máa dé," ó wí. "Agbára tí màá fi dárí jì yín ò sí lára mi. Mo wá a lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n Jésù tí mo ń sọ fún yín, ó ní in. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ tọrọ tiyín, kí èmi náà tọrọ tèmi."

Wọ́n kúnlẹ̀ sórí àjákù aṣọ. Bàbá Olómi ní, "Jésù, èmi ni mo pa á. Mo fi oore bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò níbi tí mo lè sá sí mọ́. Gbà mí." Kò rí ju ìyẹn sọ, Olúwa sì gbọ́ ọ. Àdúrà télọ̀ pẹ́ ju tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Olómi ṣí ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀, ó bọ́jú. Kò gbọ́ nǹkan kan ju omi lọ. Ó sunkún níbẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi wá wò ó.

Ó ní kí onítáńkà má wá mọ́. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ lójú gbogbo èèyàn, kò sí omi, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn láìfi bò. Wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́, kò sì bá wọn jiyàn. Ó ta ilé olórùlé tuntun yẹn, wọ́n fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga náà kọjá àpáta, wọ́n dí ti àtijọ́. Yàrá kan ló ń gbé báyìí. Àwọn kan kì í kí i títí dòní. Télọ̀ náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí di ọjọ́ Ìsinmi kan tó dìde láyè rẹ̀ nínú ìjọ, tó lọ jókòó tì í, tó ṣí ìwé orin rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí fún ohun tí o mọ̀ lọ́kàn ara rẹ pé o kò ṣe? Kí ni o ń rọ omi bò kí àlejò má bàa rí i? O lè tan aládùúgbò rẹ, kódà o lè tan ìyàwó rẹ. Ẹni tó dá ọ ti ń wo ìsàlẹ̀ kànga náà láti ọjọ́ yìí wá, síbẹ̀ ó rán Ọmọ rẹ̀ wá kú fún ọ.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ìyàwó télọ̀ náà ní ohun tó fẹ́ ṣe ní ọ̀la. Má tíì ká ìwé yìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn fún Jésù, orúkọ rẹ̀ gan-an tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.