Ìkànkùn Mẹ́rin Lábẹ́ Ilẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí bàbá mi kú, nǹkan kan kan ilẹ̀ sítọ̀ọ̀ wa láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi àti màmá mi wà ní ilé ìdáná, mo ń fọ ife, màmá ń nù wọ́n. Mo wojú rẹ̀, kò wojú mi. Ó gba ife ọwọ́ mi, ó nù ún, ó tún nù ún, títí ife náà fi ń dún lábẹ́ aṣọ ìnuwọ́.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ yẹn?"

"Eku ni."

Eku wo ló ń ka oókan dé ẹẹ́rin kó tó sinmi?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìyókù kó rò pé ènìyàn burúkú ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni bàbá fi jẹ́ ọmọ ogun ojú omi, nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nínú àtíbàbà páànù lẹ́yìn ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ aṣọ iléèwé wa, ojú ìlọ rẹ̀ mú débi pé èèyàn lè fi gé àlùbọ́sà. Lọ́dún tí màmá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn, bàbá kọ́ irun dídì nítorí mi. Bó ṣe ń di okùn ọkọ̀ ló ṣe dì í. Oṣù kan gbáko ni irun náà kò tú, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè di ojú mi dáadáa láti sùn. Òun ló máa ń jẹun gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, tí mo dìde láti wo abọ́ ẹ̀gbọ́n mi àti tèmi bóyá wọ́n dọ́gba, bàbá á ní, "Adájọ́ ti dé o, ẹ gbé òṣùwọ̀n jáde." Orúkọ náà mọ́ mi lára títí di òní.

Ohun méjì ni kì í fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ilé wa bí kò bá tíì ka gbogbo wa pé. Èkejì, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kúrò lára ògiri, á wọ inú sítọ̀ọ̀ ní òun nìkan, á dúró láàárín àwọn àpò àti ike epo, á fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Á wá tẹ orí sílẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a máa sín in jẹ. Á ní bàbá ń pe ikán wá jẹun alẹ́.

Kọ́lékọ́lé ni ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Nígbà tí mo mú un wọ sítọ̀ọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo da sìmẹ́ńtì ibí yìí, Adájọ́. Iyẹ̀pẹ̀ líle ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ihò, kò sí páìpù." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n kàn án lábẹ́ bàtà rẹ̀, mẹ́rin. Ó fo sẹ́yìn. Ilẹ̀ náà ń làágùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó sì tutọ́ dànù.

"Kí ni?"

"Iyọ̀," ó ní. Ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ni òkun fi jìnnà sí wa.

Nítorí pé olùkọ́ ni mí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá tí a ó kà níbi ìsìnkú. Mo ti kọ ojú ìwé méjì tó dùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ń lọ yunifọ́ọ̀mù funfun tí a fẹ́ fi sin ín, irin ìlọṣọ sì kọ lu nǹkan líle kan lábẹ́ àpò àyà. Mo tú ojú rírán. Báàjì idẹ kékeré kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n fín nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí i. Nọ́ńbà bàbá mi kọ́, nítorí tirẹ̀, mẹ́rìnlá, wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni kúùkù ọkọ̀ wọn àtijọ́ dé, bàbá arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tó gbé búrẹ́dì méjì sábẹ́ abíyá. Ó kí màmá, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ní pálọ̀ kì í ṣe ààyè kúùkù. "Bàbá rẹ," ó sọ fún mi, "kò sí oúnjẹ tí mo sè tí kò bú. Kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ rẹ̀ rí." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo wá gbé báàjì náà síwájú rẹ̀.

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ta ló ni ín, Bàbá?"

Ó fi ìka tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Asúfèé. A ò pè é lórúkọ mìíràn, torí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má sú fèé. Nínú ọkọ̀ wa, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ gbé báàjì rẹ̀ kọ́ sórí ìkọ́ lẹ́bàá ìdérí irin tó bo ẹnu ihò ibẹ̀. Tó bá gòkè, á mú un. Bí báàjì kan ṣoṣo bá ṣì wà lórí ìkọ́, a kì í pa ìdérí dé. Bàbá rẹ ló wà nídìí ìdérí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa forí sọ àpáta lábẹ́ omi."

"Omi wọlé?"

"Ó ya wọlé. Wọ́n ń gun àkàbà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Báàjì kan ṣẹ́ kù. Bàbá rẹ pè é, pè é, omi sì ti fẹ́ẹ̀ kan ẹnu ihò. Ó pa á dé. Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi, ká ní kò pa á dé ni, gbogbo wa là bá bá a lọ, ènìyàn mọ́kànléláàádọ́rin. Mi ò ní bá a ṣẹjọ́ ìyẹn láé." Ó yí báàjì náà dojú bolẹ̀. "Lẹ́yìn náà ni Asúfèé kàn án láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́dọ̀ wa, mẹ́ta túmọ̀ sí 'mo wà níbí.' Bàbá rẹ fi gìgísẹ̀ dá a lóhùn, mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún wákàtí kan gbáko nìyẹn, títí ọkọ̀ kejì fi wá kó wa, tí tiwa sì rì."

"Kí ni báàjì rẹ̀ wá ń ṣe lápò bàbá mi?"

"Ẹ̀rù. Màmá rẹ lóyún ẹ̀gbọ́n rẹ, àwọn ọ̀gá sì ń bèèrè ẹni tó pa ìdérí dé mọ́ ènìyàn. Ó ní ìkọ́ ṣófo nígbà tí òun pa á dé. Bí ìkọ́ bá ṣófo, a jẹ́ pé Asúfèé kò sọ̀ kalẹ̀ rárá, a jẹ́ pé ó ti yọ́ lọ ní èbúté láàárọ̀. Ìsáǹsá ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́. Orúkọ gbogbo ọmọ ogun ojú omi tó kú sẹ́nu iṣẹ́ wà lára òkúta tó wà lẹ́nu géètì èbúté. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Mo rí i nígbà tó mú un kúrò lórí ìkọ́."

"Ẹ sì dákẹ́ fún ogójì ọdún?"

"Búrẹ́dì ni mo mú wá, Adájọ́. Mi ò mú àwíjàre wá." Ó dìde tìrora-tìrora. "Asúfèé bí ọmọbìnrin kan. Aránṣọ ni, òpópónà kejì sí iléèwé yín. Nígbà tó wà ní kékeré, ọmọ ìsáǹsá ni wọ́n ń pè é."

Mo ya ojú ìwé méjèèjì tó dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á lórí ìdúró. "O fẹ́ wú bàbá rẹ jáde kí wọ́n tó sin wọ́n tán?"

"Bọ̀dá mi, Bàbá ní ibojì. Asúfèé kò ní."

"Ta ló fún ẹ lóúnjẹ? Ta ló gbé ẹ lọ síléèwé?"

"Àwọn ni. Ta ló gbé ọmọ Asúfèé lọ?"

Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí, ó sì fi ọwọ́ náà bo ojú ara rẹ̀. Màmá ló dáhùn láti orí àga bàbá.

"Èmi ni mo rán an mọ́ ibẹ̀. Bàbá yín ní kò gbọ́dọ̀ sọnù, kò sì gbọ́dọ̀ hàn." Ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Ka ohun tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n má rò pé òtítọ́ ni wọ́n ń bèèrè lábẹ́ ilẹ̀ yẹn."

Mo kà á. Ní ẹnu ibojì, lójú àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ti dàgbà, tí ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ wọn, mo ka ìfẹ́ tí bàbá mi ní sí wa, mo ka irun dídì, mo ka báàjì, mo sì ka orúkọ Asúfèé ní kíkún, bí kúùkù ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbẹ̀ kí n tó dé ìdajì. Arúgbó kan ṣí fìlà rẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo gbà pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ó sì dá mi lójú pé wọn ò ní kan ilẹ̀ wa mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kàn án débi pé ìgò kan já láti orí pẹpẹ. Sìmẹ́ńtì là láàárín, omi tútù sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ojú ibi tó là. Mo dúró lórí rẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ mi lù ú lẹ́ẹ̀mẹta bí bàbá ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dáhùn. Mẹ́rin. Mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago márùn-ún, kúùkù mú aránṣọ náà wá. Obìnrin tó gùn, tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà lára àyà bùláòsì rẹ̀. Ó ní òun fi etí aṣọ ẹnì kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, òun kò ní pẹ́. Ó mu tíì tí màmá gbé fún un. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàjì náà fún un, ó sì fi àtàǹpàkò pa á títí ó fi ń dán.

"Ìwọ lo kà á?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"O ṣeun. Kíláàsì kejì ni mo wà nígbà tó yẹ kí wọ́n ti kà á."

Nígbà náà ni ìkànkùn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa lọ sẹ́nu ọ̀nà sítọ̀ọ̀. Kúùkù di férémù ilẹ̀kùn mú, mo sì rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà.

"Mẹ́rin ni?" ó bi mí.

"Mẹ́rin ni, Bàbá. Láti ọjọ́ kẹta tí bàbá mi kú."

"Ṣáájú ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"A ò gbọ́ ọ rí."

Ó jókòó lórí àpò kan láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀. "Asúfèé kò kan mẹ́rin rí. Fún wákàtí kan, mẹ́ta ló ń kàn, kò yẹ̀. Ó mọ òfin, ó mọ̀ pé a ò lè ṣí i, kò sì bèèrè." Ó tọ́ka sí ilẹ̀. "Mẹ́rin túmọ̀ sí 'ẹ ṣí i fún mi.'"

Omi ń yọ lójú ibi tó là. Màmá ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ohun tí ọmọ tó ń sùn kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

"Ọkọ mi ni. Mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ti dé ibi tí gbogbo èèyàn ń lọ, wọn ò sì jẹ́ kó wọlé."

"Ta ni kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, Màmá?" mo bèèrè. Ojú gbogbo wọn ti wà lára aránṣọ.

Màmá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, nínú omi yẹn, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi bẹ bàbá rẹ kó ṣí i fún un. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin tó tọ́jú ilé rẹ̀ ni ọkọ mi."

"Mo mọ̀, Mà." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Wọ́n máa ń gbé ọmọ yín yìí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lórí èjìká nígbà tó wà ní kékeré. Bàtà rẹ̀ máa ń dán. Èmi a sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, màá máa wò wọ́n títí wọ́n á fi yà." Ó kọjú sí mi. "Adájọ́ ni wọ́n ń pè ọ́, àbí? Kí lo rí sí i?"

Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láyé mi nípa ohun tó tọ́ wà lórí ahọ́n mi, kò sì sí èyí tó lè gba bàbá mi là nínú wọn.

Aránṣọ yí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó rọra yẹ màmá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ibi tí sìmẹ́ńtì ti là. Ìkànkùn náà dákẹ́. Mo gbọ́ ìdákẹ́ náà, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pa èémí mọ́ra.

"Bàbá mi," ó ní, "èmi ni. Wọ́n ti ka orúkọ yín. Gbogbo èèyàn ti gbọ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀. "Ẹ má ṣí i."

Láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó jìn ju ilé wa lọ, ẹnì kan kan mẹ́ta.

Ó dìde, ó gbọn omi kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá fún tíì, ó sì jáde. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ìkànkùn ti tún bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin, mẹ́rin, ó ń yára sí i, kò sinmi láàárín mọ́. Kí aránṣọ tó dé ẹnu géètì, ẹni tó ń kànkùn náà ti gbàgbé iye.