Ìbàdí Ajá Méje

Ajá náà fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò gbà fún un. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ dé ẹ̀bá tábìlì nílé ìwòsàn ẹran, ó tún wó lulẹ̀, síbẹ̀ ó ń ju ìrù fún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Bí irú wọn ṣe rí nìyẹn. Gódìn ritirífà onírun bíi wúrà kì í ṣe ajá ẹ̀ṣọ́. Bí olè bá wọlé, àfàìmọ̀ kó má gbé bàtà lọ pàdé rẹ̀. Ajá ilé ni, ajá ọmọdé àti àgbàlagbà.

Ọkùnrin tó ń ya àwòrán eegun nílé ìwòsàn náà ló gbé e sórí tábìlì. Ẹni tó mú ajá wá kì í ṣe àlejò sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá ọmọ baba.

“Kò tíì pé ọdún kan tí mo rà á,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Màmá ò jẹun láti àná. Wọ́n ní ta ni kí àwọn máa rí kí àwọn tó jẹun.”

Láti ìgbà tí baba wọn ti kú ni ìyá náà ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Ajá yìí ló mú un jáde. Ní àràárọ̀ ni yóò gbé sálúbàtà rẹ̀ wá bá a lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, láìjẹ́ kí eyín ha á, títí ìyá yóò fi rẹ́rìn-ín tí yóò sì dìde.

Ọkùnrin náà ya àwòrán. Kò nílò kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orí eegun itan ti yọ kúrò ní ihò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àrùn ìran ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi ń béèrè àwòrán ìbàdí ìyá ajá kó tó ra ọmọ rẹ̀.

“Mo sì béèrè o!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ìwé kan yọ nínú báàgì. “Àwòrán ìyá rẹ̀ rèé. Mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọ létí, o ní kí n rà á.”

Ó gba ìwé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Lára ajá kan tó le koko ló ti ya àwòrán yẹn lọ́jọ́ kìíní. Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ọkùnrin alájá kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tó kàn ń yí orúkọ ajá pa dà nísàlẹ̀. Bí ajá bá tà, òun náà yóò gba ìpín tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é, Ẹlẹ́rìn-ín jókòó tì í gan-an. Bó bá ní kí ẹ̀gbọ́n òun má rà á, ẹ̀gbọ́n yóò béèrè ìdí. Ó ní kó rà á.

“Àwọn tó tà á ló tàn wá,” ló wí. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde, itọ́ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà ẹran níbẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ lè tún ìdí ajá náà ṣe. Bí kò bá sí owó rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi abẹ́rẹ́ fún un ní ìsinmi ìkẹyìn kí oṣù tó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní agbára rẹ̀. Ó gbé ajá rẹ̀ lọ sílé, ó ń fi ìborùn nu ojú.

Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá dé. Obìnrin ni, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìwádìí. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọ̀daràn ń pè é, torí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó to àwòrán méje sórí àpótí iná tí wọ́n fi ń wo àwòrán eegun.

“Ìdílé méje ni ajá wọn ò lè rìn mọ́. Ọ̀gá, ẹ bá mi wo àwòrán ìyá àwọn ajá náà, èyí tí alájá fún wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ eegun.”

“Ìbàdí wọn dára, mà.”

“Kò sí ohun tó jọra nínú wọn?”

“Rárá.”

“Ẹ fara balẹ̀ wò ó.”

“Ajá méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mà.”

Ó dúpẹ́, ó kó wọn, ó lọ. Kò tíì dé ẹnu géètì tí ọkùnrin náà fi sá wọ ilé ìtọ̀, tó tẹ fóònù. “Ẹlẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá ti dé. Kó ẹrù ẹ!”

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi dé ilé alájá, oúnjẹ ajá ṣì ń gbóná nínú abọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ti kó ọmọ ajá mẹ́sàn-án sínú ọkọ̀, ó ti na pápá bora. Wọ́n fẹ́ẹ̀ bá a níbi tó ti ń ra epo. Ó wa ọkọ̀ gba ẹ̀yìn lọ, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga tó jókòó sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìyá Jẹ́jẹ́ pa dà wá. Ó tún to àwòrán náà. Ó fi ìka lé àmì funfun kékeré kan létí itan.

“Kí nìyí?”

“Ó jọ... ọta ìbọn tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ.”

“Èyí ńkọ́? Èyí? Èyí tó wà níbí?” Ẹ̀ẹ̀méje ni ìka náà balẹ̀. “Ta ló yìnbọn fún ajá méje tí ọta bà sí ojú kan náà?”

“Mi ò rí i lánàá, mà.”

“Mẹ́ta nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo bi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọta yẹn ni gbogbo wọn kọ́kọ́ nàka sí. Ìwọ nìkan ni ojú rẹ fò ó.” Ó ti fi ‘ẹ’ sílẹ̀, ó ti bọ́ sí ‘o’. “Ìdílé mẹ́sàn-án míì ló fẹ́ sunkún. Níbo ni alájá yẹn wà?”

Ó jẹ́wọ́ àwòrán, ó jẹ́wọ́ ìpín, ó jẹ́wọ́ ìpè inú ilé ìtọ̀. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín ní àgọ́ kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó.

Kí oòrùn tó kanrí ni àwọn ọlọ́pàá dé ibẹ̀. Ọmọ ajá mẹ́jọ wà nínú ọkọ̀ níta. Àgọ́ náà ṣófo lójú wọn, àfi ọmọ ajá kan tó gbé ìbọ̀sẹ̀ sẹ́nu, tó jókòó, tó ń wo òkè àjà, tó ń ju ìrù. Wọ́n wo òkè pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ igi àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ní ìbọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín rárá.

Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ilé àti ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú ajá méjèèje yóò ti jáde. Àwọn ẹbí tó ń sunkún ń dì mọ́ra wọn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Dókítà kò tilẹ̀ dúró de owó náà, ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún èyí tó burú jù, ajá ìyá ọkùnrin tó ya àwòrán.

Wọ́n ti ọkùnrin náà mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ wá bá a níbẹ̀. Kò kọjú sí i, Ìyá Jẹ́jẹ́ ló kọjú sí.

“Ẹ ṣàánú, mà. Wọ́n lo àbúrò mi ni. Kò mọ̀ pé ajá ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ rà. Tó bá mọ̀, ṣé yóò ní kí n rà á? Fún ìyá tó bí wa? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé bíírò. Yàtọ̀ sí ọkùnrin náà àti Ẹlẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Ẹlẹ́rìn-ín jókòó tì í nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè, Ẹlẹ́rìn-ín kò sì rántí rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ yóò fúyẹ́. Ó na ọwọ́, ó fi bo ìwé náà.

“Ẹ má kọ ọ́, mà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Ẹni tó tà á fún yín jókòó tì mí nígbà tí ẹ pè. Mo mọ ajá tí ẹ fẹ́ rà, mo sì mọ ẹni tí ẹ fẹ́ rà á fún.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bo abọ́ náà pa dà, ó sì gbé e mọ́ àyà.

“Ajá ti dìde láàárọ̀ yìí,” ló wí. “Màmá ti jẹun. Wọ́n ní kí n mú ẹni tó ya àwòrán tí a fi mọ àrùn ajá àwọn wá, àwọn fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí, kí àwọn súre fún un. Wọn ò tíì mọ ohun tó o ṣe. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, ó ń wo ojú rẹ̀.