Ohùn Kan Láti Orí Adágún

Kùrukùru bo adágún ìlú Madison ní Amẹ́ríkà láti òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún igbó fífà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, tí wọ́n fi ń bẹ ìjọba pé kí òfin fàyè gba igbó. Ardis, opó tí orúnkún ń dà láàmú, gbé páálí tó kọ ẹ̀bẹ̀ náà sí dání. Marlys aládùúgbò rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí na bisikíìtì sí wọn nínú ọ̀rá tí kò ní àkọlé.

"Igbó ló wà nínú ẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ ẹ́, orúnkún yín á fúyẹ́."

Marlys mi orí. "Èmi ò jẹ ohun tí mi ò mọ ẹni tó sè é."

"Ojo lásánlàsàn!" Ardis bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ ọ̀kan. Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀, ó jẹ òmíràn.

Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn èrò ń kọrin gba etí adágún lọ sí ilé aṣòfin, ni orin wọn bá jìnnà sí i, àfi bíi pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ardis wo ojú wọn, kò rí ojú. Kùrukùru ló rí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Orville, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, láti orí adágún.

"Ardis, omi ò tutù. Máa bọ̀."

Ó ju páálí nù. Omi ti dé orúnkún rẹ̀ kí Marlys tó fa ẹ̀wù rẹ̀.

"Ibo lò ń lọ?"

"Orville ń pè mí. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Orí Marlys wú. Kò gbọ́ nǹkan kan ju omi tó ń lá òkúta lọ.

Ó wọ́ ọ lọ bá Tove, nọ́ọ̀sì tó wà ní àgọ́ ìtọ́jú.

"Igbó tí èèyàn fà, kíá ló ń gun orí," ni Tove wí. "Èyí tí èèyàn jẹ lè tó wákàtí méjì kó tó dé. Ẹni tó bá ní òun ò tíì rí nǹkan kan, tó wá bù kún un, ara ẹ̀ ló ń ṣe. Màmá, ẹ ń lo oògùn ọkàn?"

Ardis mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Tove kígbe sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ó léwu fún ọkàn wọn. Ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn!"

Ilé ìwòsàn ni Ardis sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó padà sílé, Marlys bi í bóyá ó ṣì fẹ́ kí wọ́n yí òfin padà.

"Mo fẹ́ ẹ. Kí àkọlé lè wà lára ọ̀rá. Marlys, Orville ò pe orúkọ mi rí láyé. 'Olólùfẹ́' ló ń pè mí. Ta ló wá pè mí?"

Marlys dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí òfin fàyè gba igbó, bí kò fàyè gbà á, ẹ má jẹ ohun tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má bù kún un nítorí pé kò tètè ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé. Bí ó bá sì gun ẹnìkan lórí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, pàápàá létí omi: ẹ dì í mú, kí ẹ pe oníṣègùn.