Ẹni Tó Bá Kú, Kó Dìde

Bí mo bá parọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ọwọ́ tí mo fi ń gẹrun má mọ orí mọ́. Ó ṣojú mi kòró, nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi.

Mo ra géèmù kan fún àwọn oníbàárà tó bá ń dúró. Ìkà ni géèmù náà. Ọkùnrin kan ń fi fìtílà rìn nínú ilé ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀. Kò sí orin. Kò sí ẹni tó máa júwe ọ̀nà. Omi ń kán níbì kan. Bí o bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, o kú, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì ilé náà. Àwọn èèyàn a bú u, wọ́n a ní àwọn ò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti dé, orí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ ni wọ́n tún ní kí n gẹ.

Òfin kan la ní: ẹni tó bá kú, kó dìde, kó gbé páàdì tí a fi ń darí géèmù fún ẹlòmíì. Àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná, ló ń kú jù. Àkúdàáyà la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Nínú géèmù náà, àbúrò mi kọjá ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò kọjá rí. Yàrá kékeré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Dígí gígùn kan. Àga kan tó ń yí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù yín nìyí!"

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Ta ló kọ́ ẹ ní wàyó?"

"Kì í ṣe wàyó. Wọ́n ní kí n jókòó."

"Ta ló ní?"

Iná lọ. Tẹlifíṣàn kú. Síbẹ̀, mo ń gbọ́ omi tó ń kán. Mo gbọ́ tí àga yí. Nígbà tí iná dé, àbúrò mi ṣì wà ní ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń kí àlejò.

Láti ọjọ́ náà, kò kú mọ́. Ìyá wa ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun: ọmọ òun ò pariwo mọ́, kì í jiyàn, ó ń kí gbogbo ayé. Ara fu mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ni mo ń gẹ orí ọmọ yìí láti kékeré, irun rẹ̀ kì í pẹ́ hù. Mo fi kílípà sí i lórí, nǹkan kan ò já bọ́. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo tún gbìyànjú. Kò hù.

"Kí lo fi ra orí?"

"Kò sí o, sà."

Sà! Ẹni tó máa ń pè mí ní Orí-bí-agbọ̀n níwájú oníbàárà. Ẹ̀rù bà mí.

Ní báyìí, tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi náà a gbé páàdì. Mo ń kú, mo ń padà sẹ́nu géètì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dé yàrá yẹn. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga náà, ó kẹ̀yìn sí mi. Tí mo bá ti sún mọ́ ọn, mo kú.

Lánàá, mo tún débẹ̀. Irun ọkùnrin náà ti kún, ó ti bo ọrùn, gẹ́lẹ́ bí irun àbúrò mi tí mi ò bá gẹ ẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbọ́ mímí ẹnì kan lẹ́yìn mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Mo ti mọ́ Ìyá lára."

Mi ò wẹ̀yìn. Mo sún mọ́ àga náà, mo kú. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì.